Ohun Ìṣeré Létí Títì: Àkọsílẹ̀ Òwò Obìnrin Kan ní Houston

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí jẹ́ ti ọmọ Yorùbá kan, abilékọ tí ó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí ó sì sọ àwọn ohun ìṣeré ọmọdé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kó jù sí etí títì di òwò tí ń mú èrè wọlé. Èmi ni mo ń bá a ṣètò ìwé owó rẹ̀, ó sì ti yọ̀ǹda kí n kọ ọ̀rọ̀ náà, níwọ̀n bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀. Mo kọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń béèrè nípa irú òwò yìí gbà pé, nígbà tí a kò ti fi owó ra ọjà, gbogbo ohun tí a bá rí lórí rẹ̀ ni èrè. Bí obìnrin yìí ti rò ó náà nìyẹn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé e pé àwọn ẹrù tí òun bá kọ̀ láti gbé ni yóò sọ òun di oníṣòwò.

Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni títọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn, alẹ́ ni ó sì ń ṣe é. Láàárọ̀, bí ó bá ń wakọ̀ padà sílé, ó máa ń gba Bellaire àti West University Place kọjá, àwọn ìlú kéékèèké olówó méjì tí Houston yí ká. Ibẹ̀ ni ó ti ń rí ọkọ̀ ọmọdé aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, ilé ìṣeré oníke, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àti páálí tí ó kún fún bèbí, gbogbo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pàǹtírí. Nínú Houston fúnra rẹ̀, ètò kan wà nígbà náà tí ó ń mú kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: oṣù kan ni ìjọba ìlú fi ń kó igi àti ẹ̀ka tí a gé, oṣù tí ó bá tẹ̀lé e ni wọ́n fi ń kó àga, bẹ́ẹ̀dì àti àlòkù ńlá, tí ó fi jẹ́ pé oṣù kejì, oṣù kẹrin, oṣù kẹfà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni oṣù àlòkù. Ẹni tí ó bá mọ ètò yìí mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun jáde.

Kò yẹ kí a rò pé àwọn tí ń kó nǹkan jù wọ̀nyí kò mọ iyì ohun tí wọ́n ní. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè wọ inú ọkọ̀ tí a ṣe fún ọmọ ọdún méjì mọ́. Ilé ìtajà àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kì í sábà gba ike ńlá tí oòrùn ti pá. Àkókò tí onílé yóò fi ya àwòrán rẹ̀, kí ó tún máa dá àwọn olùrà lóhùn, sì níye lórí lójú rẹ̀ ju owó tí yóò rí níbẹ̀ lọ. Ike náà fúnra rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Ọkọ̀ pupa orí yẹ́lò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yẹn, Cozy Coupe, tí ilé iṣẹ́ Little Tikes ti ìpínlẹ̀ Ohio gbé jáde ní ọdún 1979, ni a fi ẹ̀lọ́ ike ṣe: wọn a da ẹ̀lọ́ náà sínú irin oníhò, wọn a máa yí irin náà nínú iná títí ike yóò fi yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn nínú káàkiri. Bí a ti ń ṣe é yìí ni ó ń mú kí ara rẹ̀ nípọn, kí àwọ̀ rẹ̀ sì wọ inú ike náà lọ dípò kí ó wà lójú rẹ̀ nìkan. Òjò àti oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún lè mú kí ó ṣì, wọn kì í sábà mú kí ó fọ́.

Ní ti òfin, ẹ̀rù bà á ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ní ọdún 1988, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí a ń pè ní California v. Greenwood, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti gbé pàǹtírí rẹ̀ sí etí títì fún àwọn akódọ̀tí kò lè retí mọ́ pé kí òfin máa dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bí ohun àṣírí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n yẹ ìdọ̀tí ẹnì kan wò ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, síbẹ̀ àwọn tí ń ṣa àlòkù ti sọ ọ́ di àṣẹ tí wọ́n ń gbé kiri. Kò tó láti gbára lé. Ìlú kọ̀ọ̀kan lè ṣe òfin tirẹ̀ lórí ṣíṣa ìdọ̀tí, ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò lè ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì rìn wọ inú ọgbà onílé láti mú nǹkan ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Nítorí náà, ọkọ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àwọn ènìyàn wà nílé, kí ó sì máa béèrè.

Ìmọ̀ràn yìí ni mo kà sí kókó àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ìbẹ̀rù ni wọ́n ṣe gbà á. Ẹni tí ó bá yára gbé ẹrù létí títì ń gbé ohun tí ojú rí nìkan. Ẹni tí ó bá béèrè ni onílé yóò sọ fún pé ṣájà ọkọ̀ náà ṣì wà nínú ilé, pé ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ kan, pé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, tàbí pé ajá ti tọ̀ sórí ilé ìṣeré yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Onílé a tún máa rántí àwọn páálí mìíràn tí ó wà nínú gáréèjì, èyí tí kò tíì fara kan ìdọ̀tí rárá. Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti ń béèrè, àwọn ẹrù rẹ̀ tí ó dára jù lọ ni ó gbà lọ́wọ́ onílé ní ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kò sí ohun tí kì í gbé. Gáréèjì rẹ̀ kún débi pé ọkọ̀ kò lè wọlé mọ́, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọn sì kọ lẹ́tà sí i nítorí àwọn ike tí ó tò sí iwájú ilé. Lórí Facebook Marketplace, tí ó ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà, ó ń ta nǹkan lójoojúmọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn nítorí pé owó ń wọlé. Nígbà tí a jókòó ti ìwé, mo ní kí ó kọ ibi tí ó ti gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan, bí ibẹ̀ ti jìnnà tó, iye wákàtí tí ó fi fọ̀ ọ́, àti iye ìgbà tí olùrà dá ọjọ́ tí kò sì wá. Ìwé náà kò dùn ún kà. Bẹ́ẹ̀dì bèbí tí ó tà ní 5 dọ́là ti gbà á ní ọ̀sán kan gbáko láti fọ̀. Ó ń wakọ̀ lọ síbi tí ó jìnnà fún ọkọ̀ ọmọdé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni 58 sẹ́ǹtì fún máìlì kan ni iye tí àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2019 gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ọkọ̀ tí a fi ń ṣòwò. Bí a bá lo iye náà, ìrìn àjò 20 máìlì, àlọ àti àbọ̀, nítorí ọkọ̀ tí yóò tà ní 25 dọ́là, ti jẹ 11.60 dọ́là kí ó tó da omi sí i. Láti ìgbà yẹn ni ó ti pinnu pé ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ òun àti àwọn àdúgbò tí ó sún mọ́ ọn nìkan ni òun yóò ti máa ṣa ẹrù.

Kí ó tó kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ìjì Harvey ti kọ́ ọ ní òmíràn tí ó le jù ú lọ. Ìjì náà wọ etíkun Texas ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òjò rẹ̀ kò sì dá fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ibì kan ní agbègbè Houston gba ju 40 ínǹṣì òjò lọ. Omi wọ ilé rẹpẹtẹ, ní Meyerland àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò mìíràn, nígbà tí ó sì fà, àwọn ènìyàn kó gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé wọn jáde sí etí títì, títí kan kápẹ́ẹ̀tì àti pákó ara ògiri. Ohun ìṣeré wà nínú òkìtì wọ̀nyẹn ju bí a ti lè kà lọ. Obìnrin yìí àti ọkọ rẹ̀ kó púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n rò pé ohun tí omi bá gbé, omi náà ni yóò fọ̀ ọ́.

Omi ìkún ilé kì í ṣe omi òjò lásán. Omi ṣáláńgá, epo ọkọ̀ àti oògùn apakòkòrò ti inú ọgbà ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ike líle tí kò ní ihò nínú ṣeé fi ọṣẹ àti bílíìṣì tí a là fọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ike oníhò gba omi náà sínú láti ojú súkúrù, kò sì sí bí a ti ṣe lè fọ inú wọn. Bèbí aláṣọ àti ẹranko olówùú hu funfun nínú láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ara wọn lóde tilẹ̀ ti gbẹ. Àwọn tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ ti dípẹtà. Òórùn rẹ̀ gba gáréèjì kan, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ rẹ̀ kékeré lẹ́nu. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù láìta ẹyọ kan. Mo gbóríyìn fún un lórí èyí, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n nù ún, tí wọ́n da lọ́fínńdà sí i, tí wọ́n sì tà á fún ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn Harvey, kì í gbé ohunkóhun aláṣọ tàbí olówùú mọ́, kódà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé lẹ́yìn olú funfun yẹn, ìdun tún wà, ìdun tí ó bá sì wọ ilé yóò ná ènìyàn ní owó tí èrè bèbí kankan kò lè san.

Ohun tí ó yí òwò náà padà sí rere kéré gan-an ní ojú. Obìnrin àgbàlagbà kan, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò nílé, fún un ní garawa kan tí ó kún fún LEGO, àwọn ike kéékèèké tí ọmọdé ń tò mọ́ ara wọn láti fi kọ́ ilé tàbí ọkọ̀. Ó tà á lódindi ní owó pọ́ọ́kú fún ọkùnrin kan tí ó dé láàárín wákàtí kan tí ó fi í sórí ayélujára, tí kò sì ná owó náà rárá. Àìnáwó ọkùnrin yìí ni ó mú un ronú. Ó lọ wádìí, ó sì rí i pé ike kéékèèké wọ̀nyí, tí èyí tí a ṣe láti ọdún 1958 ṣì bá tòní mu nígbà tí a bá tò wọ́n papọ̀, ń tà ní nǹkan bí 5 sí 10 dọ́là fún pọ́n-ùn kan bí ó bá mọ́, tí a sì yọ ayédèrú kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kéékèèké oníke inú rẹ̀ sì ń tà lọ́tọ̀, ẹyọ kan nínú wọn lè ju iye pọ́n-ùn kan lọ. Ó ra òṣùwọ̀n. Ó kọ́ bí a ti ń mọ ojúlówó: orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lórí kókó kọ̀ọ̀kan tí ó yọ sókè lórí ike náà. Ó kọ́ pé omi tí a ó fi fọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ gbóná ju 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, kí ike náà má baà tẹ̀. Ó tún rí i pé ilé iṣẹ́ náà gbé ìwé ìtọ́sọ́nà púpọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, lè kó odindi ọkọ̀ òfuurufú kan jọ láti inú garawa, kí ó sì mọ ẹyọ tí ó kù. Ẹyọ tí ó kù náà ni wọ́n ń rà lórí BrickLink, ọjà orí ayélujára tí ó ti wà láti ọdún 2000, tí ilé iṣẹ́ LEGO fúnra rẹ̀ sì rà ní ọdún 2019. Garawa tí kò gba àyè ju ẹsẹ̀ tábìlì kan lọ ń mú owó wá ju ilé ìṣeré oníke tí ó gba ìdajì gáréèjì.

Èkejì ni àwọn ọkọ̀ oníbátìrì tí ọmọdé ń wà fúnra wọn, tí tuntun wọn lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là. Ọkọ obìnrin yìí ti kọ́ iṣẹ́ títún rédíò ṣe kí ó tó kúrò nílé, ó sì tètè rí i pé bátìrì nìkan ni ó kú nínú ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ènìyàn ń kó jù. Bátìrì olójé ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ lásán nígbà òtútù láìfi iná sí i, nǹkan funfun líle a bo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná mọ́. Bátìrì fólítì 12 tí ó bá dára yóò fi nǹkan bí 12.7 hàn lórí mítà lẹ́yìn tí ó bá ti gba iná tó. Èyí tí kò bá lè ju 10.5 lọ ti kú. Ó ń ra bátìrì tuntun tí ó bá ọkọ̀ náà mu, ó ń wo wáyà àti fíúsì, ó sì ń jẹ́ kí olùrà fi ọmọ rẹ̀ wà á wò kí ó tó sanwó. Olùrà kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó so bátìrì ẹ̀rọ ìlugi mọ́ ọn kí ọkọ̀ náà lè máa sáré sí i. Ó kọ̀, olùrà náà sì lọ. Ó tọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ọkọ̀ Power Wheels ni a kéde pé kí àwọn tí ó ní wọn gbé wá fún àtúnṣe nítorí pé wáyà àti àwọn nǹkan iná inú wọn lè gbóná jù, kí wọ́n sì jóná. Ọkọ̀ tí ó jáde láti ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìkéde yìí kàn. Kí ni a ó wá retí nínú èyí tí a fi agbára tí kì í ṣe tirẹ̀ sí? Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ lára gbogbo ọkọ̀ oníbátìrì kí ó tó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó wà lára àwọn tí a ti kéde bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń ṣe òwò yìí ti fara balẹ̀ nìyí. Lára ohun tí onílé kan fún un ní ọdún 2019 ni ibùsùn ọmọ ọwọ́ kan tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó ń mì. Ó mọ́ tónítóní, aṣọ rẹ̀ ṣeé yọ fọ̀, ẹni mẹ́ta sì béèrè rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó fi í sórí ayélujára. Ìyá ọlọ́mọ kan ni ó kọ̀wé sí i pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ti ní kí gbogbo ènìyàn dá a padà.” Rock ’n Play Sleeper ni. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ilé iṣẹ́ Fisher-Price àti àjọ ìjọba tí ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ti kéde pé kí àwọn ènìyàn ṣíwọ́ lílo nǹkan bí mílíọ̀nù 4.7 irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ ọwọ́ tí ó ju 30 lọ ti kú nínú rẹ̀, àwọn kan nínú wọn nítorí pé wọ́n yí padà nígbà tí a kò dè wọ́n. Kò sí ohun tí ó fọ́ lára èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí iye fífọ̀ tàbí wíwò tí ó lè fi ewu náà hàn, nítorí pé bí a ti ṣe é gan-an ni ewu náà.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo wí fún un pé kò tíì tà á, kí ó dúpẹ́, kí a sì wá ètò. Òfin ààbò ọjà tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ohunkóhun tí a ti kéde pé kí a dá padà bẹ́ẹ̀, kò sì yọ ẹni tí ń ta àlòkù sílẹ̀, kódà bí gáréèjì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òfin kan náà ni ó dín òjé inú ọ̀dà ohun ìṣeré kù sí ìwọ̀n 90 nínú mílíọ̀nù kan láti ọdún 2009, nígbà tí ìwọ̀n ti àtijọ́ jẹ́ 600. Òfin kò ní kí ẹni tí ń ta àlòkù gbé ohun ìṣeré kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò òjé, ṣùgbọ́n kò fún un láṣẹ láti ta èyí tí òjé rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kò ní ta ohun ìṣeré ọlọ́dà tí ó bá ti pẹ́ ju òfin náà lọ fún ọmọdé. Bí ó bá rí ọkọ̀ onírin ayé àtijọ́, àwọn àgbàlagbà tí ń kó irú rẹ̀ jọ ni ó ń tà á fún, ó sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kì í ṣe fún ọmọdé. Ohunkóhun tí ó bá ní mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí ó lè jábọ́, tàbí bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì tí kò ní súkúrù tí ó dé e, kò ní wọ ilé rẹ̀. Bí ọmọ bá gbé irú bátìrì yẹn mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó tún dán an wò nígbà tí òwò náà kan Ìbàdàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ta tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dúrọ́ọ̀mù kó ohun ìṣeré kéékèèké ránṣẹ́: ọkọ̀ onírin, bèbí oníke, àwòrán àtòpọ̀. Ọkọ̀ ńláńlá kò ṣeé kó, nítorí pé àyè tí ẹrù gbà nínú dúrọ́ọ̀mù ni ó ń pinnu èrè rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú ọkọ̀ oníbátìrì kan, ṣájà rẹ̀ sì jóná ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé iná 120 fólítì ti Amẹ́ríkà ni a ṣe é fún, tiwa nílé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Nígbà tí àbúrò náà wá gbọ́ nípa àwọn ẹrù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kó dànù, ó pè é.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kó wọn dànù mọ́. Ẹ máa kó gbogbo èyí tí wọn kò gbà níbẹ̀ yẹn bọ̀, a ó tà á níbí. Òfin wọn kò dé Dùgbẹ̀.”

“Àbúrò mi, ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣòfin níbí, ṣé irú rẹ̀ kọ́ ni ó wà lẹ́yìn àwọn ìyá tí ń bá ọ rajà?”

Àbúrò náà bínú díẹ̀, ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọjà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni wọn kò yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ, èyí sì ni ó yẹ kí ó dùn wá. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa ọmọ ní ìlú kan, tí ó sì tún dì í sínú dúrọ́ọ̀mù fún ìlú tí a ti bí i, kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Obìnrin yìí kò yí padà, àbúrò rẹ̀ sì gbà nígbẹ̀yìn. Nísinsìnyí, ohun tí a bá lè tà ní Houston fún ọmọ aládùúgbò nìkan ni ó ń wọ dúrọ́ọ̀mù.

Ní ti owó orí, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹni tí ó bá jèrè 400 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òwò ara rẹ̀ láàárín ọdún kan ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ìwọ̀n owó orí àdáṣiṣẹ́, yàtọ̀ sí owó orí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń san. Níwọ̀n bí a kò ti ra ọjà náà, kò sí iye owó ọjà tí a ó yọ. Ìnáwó nìkan ni a lè yọ, bíi máìlì ọkọ̀, bátìrì, ọṣẹ, páálí àti owó ìfiránṣẹ́. Ìwé tí kò dùn ún kà ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn náà ni ó wá dín owó orí rẹ̀ kù.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí àwọn ọmọ kò lọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́, àwọn onílé ń palẹ̀ ilé mọ́, àwọn òbí sì ń wá ohun tí ọmọ yóò máa fi ṣeré ní àgbàlá. Ọjà àti olùrà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń gbé ohun gbogbo ìbá tún ti kún gáréèjì rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Gáréèjì obìnrin yìí kò kún. Ó ti pín in pẹ̀lú pẹpẹ mẹ́ta: ti LEGO àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ti ẹ̀yà ara ọkọ̀ oníbátìrì, àti ti ẹrù tí ń lọ sílé. Ọkọ̀ ńlá tí ó bá gbé gbọ́dọ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá lọ, ó ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní ọdún yẹn ni owó òwò náà kọ́kọ́ ju ti iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ lọ fún wákàtí kan, ó sì dín ọjọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ìfọ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù kan. Ọṣẹ àti omi tó fún ọ̀pọ̀ ike. Ibi tí ó bá hu olú, kọ́ọ̀bù bílíìṣì kan nínú gálọ́ọ̀nù omi kan tó, ẹ kò sì gbọdọ̀ da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí oògùn ìfọjú-fèrèsé tí ó ní amóníà, nítorí èéfín rẹ̀ lè pani. Bátìrì kéékèèké tí ó bá ti ṣomi sínú ohun ìṣeré ni ẹ ó fi òwú tí a rì bọ fínígà nù, kí ẹ tún fi ọtí ìpakòkòrò nù ún lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ̀ nítorí ewu, ẹ má ṣe gbé e padà sí etí títì bí ó ti wà. Obìnrin yìí ń gé bẹ́líìtì àti aṣọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó ń fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi yíǹkì kọ ọ́ sí i lára pé kò ṣeé lò, kí ẹlòmíràn tí ń ṣa àlòkù má baà gbé e lọ tà.

Ó tún ní àṣà kan tí mo rò pé àwọn tí ó ti pẹ́ nínú òwò náà pàápàá kì í sábà ní. Kò fi mọ sí wíwo ìkéde ìdápadà ní ọjọ́ tí ó gbé ẹrù. Ó tún ń wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí olùrà yóò wá, nítorí pé ibùsùn tí a fún un ní ọdún 2019 yẹn, tí ó bá jẹ́ oṣù kejì ọdún náà ni ó gbé e, kò sí ìkéde kankan tí yóò rí lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa tà á ní oṣù karùn-ún, ìkéde ti jáde. Ó kọ orúkọ ohun ìṣeré àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sára páálí kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ, kí ọmọ rẹ̀ náà lè ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà tí òun bá wà níbi iṣẹ́, ó sì tọ́jú fóònù àwọn tí ó ra ọkọ̀ oníbátìrì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè pè wọ́n bí ìkéde kan bá jáde lẹ́yìn títà.